Ẹ̀jẹ̀ Rónkẹ́ Tí Mo Dà Nù

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, mi ò mu nǹkan kan, mi ò sì sùn.

Ilé ìwádìí kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Eku funfun là ń sìn níbẹ̀. Oúnjẹ ọlọ́ràá là ń fún wọn títí ọ̀rá á fi kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ká lè mọ bí ọ̀rá yẹn ṣe ń mú kí páńkíríà wú, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn inú. Eku tí àìsàn yẹn bá mú á ká jọ, kò ní jẹun. Tá a bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tá a fi ẹ̀rọ yí i, omi tó máa ń lé sókè á funfun bí ògì.

Èmi àti Rónkẹ́ la jọ ń ṣe é. Ọmọ dáadáa ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bí ọmọ kan. Tá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ara wa la máa ń fi dán an wò. Lọ́jọ́ kan ó na apá, mo fa tiẹ̀. Ìgbà tí mo máa yọ túùbù jáde nínú ẹ̀rọ, omi òkè rẹ̀ funfun bí ògì. Mo ní àbí ti eku ni mo gbé síbí ni? Mo dà á nù, mo fa tèmi, iṣẹ́ ń lọ. Mi ò tiẹ̀ sọ fún un.

Kò pé oṣù kan tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó ká jọ sórí àga níwájú mi, mo ní, "Ọgbẹ́ inú ni, lọ jẹun." Èmi tí mò ń wo eku tó ń ká jọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú sí ọsibítù. Páńkíríà ni wọ́n ló pa á. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ó dùn mí dọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, mò ń fún àwọn eku lóúnjẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, oorun ni eku ń sùn lọ́sàn-án. Ṣàdédé ni gbogbo wọn dìde, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn.

Rónkẹ́ ló jókòó sórí àga tá a ti ń fa ẹ̀jẹ̀. Ó ti ká apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè.

Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará yàrá kejì gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un fà. Tèmi ni àkọ́kọ́ yẹn."

Mo ní, "Rónkẹ́, jọ̀ọ́, má bínú."

"Mi ò bínú. Ọmọ mi ńkọ́? Inú ti ń run òun náà. Ẹ bá mi yẹ tiẹ̀ wò."

Mo ṣẹ́jú, àga ti ṣófo. Àwọn eku yẹn ò sùn mọ́ títí a fi ṣíwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tí àyẹ̀wò bá gbé ohun tẹ́ ò retí jáde, ẹ má pè é ní àṣìṣe láìtún un ṣe. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń rìn nínú ẹbí. Surulere ni ọkọ Rónkẹ́ àti ọmọ náà ń gbé. Tí mo bá ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì kànkùn.