Àwọn Akọ Kòkòrò Tó Lẹ̀ Mọ́ Ọ̀dà Lánlọ́ọ̀dù

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí wọ́n ti ń dà á rú kiri àdúgbò wa ní Surulere. Ìbẹ́pẹ tí ìyá mi gbìn sẹ́bàá ògiri kó tó kú ni bàbá mi ń jẹ láràárọ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi, òun nìkan ló ṣì ń so.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí ẹni bu fùláwà sí i. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni mo kà ní yunifásítì; mo mọ ohun tí mò ń wò: kòkòrò kéékèèké tí ìyẹ̀fun funfun bo ara wọn ni. Ní kékeré, akọ àti abo wọn ò ṣeé yà sọ́tọ̀, gbogbo wọn ló ń fa omi ewé mu. Abo ò níyẹ̀ẹ́, á máa fà á títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n bí akọ bá dàgbà díẹ̀, á fi òwú funfun bo ara rẹ̀, á ṣíwọ́ jíjẹ. Inú òwú yẹn ni ìyẹ́ ti ń hù fún un, tí ẹnu rẹ̀ sì ń parẹ́. Tó bá máa jáde, ó ti di abìyẹ́ tín-ín-tín, pẹ̀lú okùn funfun méjì nídìí. Kò lè jẹ, kò lè mu. Á wá abo lọ, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti kú.

Nítorí náà, abo ni mò ń fi àkísà àti omi ọṣẹ nù kúrò, ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Igi náà ti ń bọ̀ sípò.

Ìgbà náà ni lánlọ́ọ̀dù wa kun ògiri náà, torí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi dé, àwọn akọ abìyẹ́ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Lánlọ́ọ̀dù nàka sí wọn níwájú àna, ó ní àwọn eṣinṣin yìí ló ń jẹ ìbẹ́pẹ wa, tí wọ́n tún wá ba ọ̀dà òun jẹ́.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn yẹn kì í jẹ nǹkan kan. Wọn ò lẹ́nu rárá.”

Ọ̀kan nínú àwọn àna rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa igi náà.

Nígbà tí àlejò lọ tán, lánlọ́ọ̀dù ní mo já òun nírọ́ lójú àna. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá òótọ́ ni mo sọ. Bàbá mi, tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, dìde lórí àga, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí tèmi.

Lánlọ́ọ̀dù ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ má da ara yín láàmú. Igi náà máa lọ ni.”

Ó ń pe bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ ó jẹ́ kó dúró bẹ òun.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gé e, tòun ti èso tútù lórí. Ewé rẹ̀ tí àwọn abo tó kù ṣì lẹ̀ mọ́ ni wọ́n wọ́ jù sídìí òdòdó iwájú ilé lánlọ́ọ̀dù. Ògiri ni lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń fín oògùn ẹ̀fọn sí, sára àwọn akọ tó ti kú.

Bàbá mi kì í jẹ ìbẹ́pẹ tí mò ń rà lọ́jà Tejúoṣó. Ó ní òun ti yó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òdòdó lánlọ́ọ̀dù funfun látòkè délẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé kí àǹtí tó kàwé kòkòrò wá bá òun nù ún.

Bàbá mi ní, “Lọ bá a nù ún. Kí ni òdòdó ṣe?”

Òdòdó ò ṣe nǹkan kan. Mi ò lọ.