Ọjọ́ Tí A Ti Ọ̀kadà Wa Wọ Òkè-Ìlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: nínú gbogbo àwa ọlọ́kadà tó wà ní Ìlá nígbà náà, èmi wà lára àwọn tí orí wọn gbóná jù. Tí ọ̀kan nínú wa bá kú, àṣà wa ni pé ká já ewé, ká so ó mọ́ iná iwájú, ká tò tẹ̀lé òkú lọ sílé. Àbí títò wo ni mò ń sọ? A máa ń dàrú ni! Ẹnì kan á dìde dúró lórí ọ̀kadà tó ń sáré, ẹlòmíì á máa fi tirẹ̀ jó lọ sọ́tùn-ún jó lọ sósì, fèrè á máa han bí ìgbà tí ọjà ń jóná. Ẹ̀yẹ ìkẹyìn là ń pè é.

Àìsàn ló mú Sámúẹ́lì ọ̀rẹ́ mi lọ. Ọmọ Òkè-Ìlá ni, àmọ́ Ìlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé pósí sínú mọ́tò, wọ́n ní kí Ìyá Tóbi, ìyàwó rẹ̀, wá jókòó síwájú. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ọ̀kadà ni Bàbá Tóbi fi bọ́ wa. Ọ̀kadà náà ni n ó fi sìn ín délé."

Ló bá gun ẹ̀yìn mi. Bàbá Alága, àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́, fà mí létí.

"Opó lo gbé yẹn o. Rọra. Tí o bá sì fẹ́ dúró, na ọwọ́ ná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ọ, kí o tó tẹ búréèkì. Wọn ò ríran rí inú rẹ."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Irọ́ ni. Etí ló gbọ́, kò dénú.

A ò tíì jìnnà sí Ìlá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré wọn. Múfú, ọ̀kan nínú wa, ń gun tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń fọn fèrè. Láti ìdájí ni mo ti fẹ́ sunkún Sámúẹ́lì, n ò sì rí ibi sun ún sí. Èmi náà bá fún ọ̀kadà níná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jó. Ìyá Tóbi gbá mi lẹ́yìn. Mo rò pé orí rẹ̀ ń wú ni. Ó tún gbá mi.

"Bàbá Ṣeun! Ọkọ mi lẹ ń lọ sin. Ẹ má sin èmi náà mọ́ ọn o! Ta ni yóò bá mi wo àwọn ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, mo sì tẹ búréèkì lójijì. N ò na ọwọ́, n ò wẹ̀yìn. Àní mo rò pé ohun rere ni mo ń ṣe! Múfú yà bàrá kó má baà gbá obìnrin náà, ó sì wọ kòtò lọ. Nígbà tí a fi máa gbé ọ̀kadà kúrò lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán.

Ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìlá bá wa gbé e lọ sí ọsibítù. Mo bẹ Ìyá Tóbi pé kó gùn, pé n ó rọra.

"Mo dúpẹ́, Bàbá Ṣeun. N ó fẹsẹ̀ rìn."

Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń tẹ̀lé mọ́tò tó gbé pósí lọ. Bàbá Alága pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti ọ̀kadà tẹ̀lé e. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. A tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wa fi ń ti ọ̀kadà gun òkè, tí òógùn bò wá. Níbi tí gbogbo rẹ̀ ti pa rọ́rọ́ yẹn ni mo ti gbọ́ pé Ìyá Tóbi ń sunkún. Àfàìmọ̀ kó má ti máa sun ún láti Ìlá, lẹ́yìn mi gan-an, tí fèrè wa ò jẹ́ ká gbọ́. Èmi náà bú sẹ́kún. Ojú tì mí, ó dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, a kì í fi òkú ṣeré mọ́. Ẹni tó lọ́ra jù ló ń ṣíwájú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yà á sílẹ̀, fèrè ò gbọdọ̀ dún. Ta ló lọ́ra tó Múfú? Ẹsẹ̀ rẹ̀ jiná, àmọ́ ó ń tiro. Òun ló ń ṣíwájú, kò sì bú mi rí, èyí tó tún wá ń dùn mí jù.

Ìbàdí ríro ti lé èmi kúrò lórí ọ̀kadà, iṣu ni mo ń gbìn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sin ọ̀kan nínú wa, Múfú ló gbé opó. Nígbà tó wá kí mi lóko, mo bi í bí ìrìn náà ṣe lọ.

"Obìnrin yẹn sunkún délé, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ."