Nígbà Tí Màámi Pààrọ̀ Irin Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wọn

Ọ́ìlì jíà tó ti pẹ́ nínú irin máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn yẹn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, lásìkò tí a ń gbé lórí òkè ní Mpape, lẹ́bàá Àbújá, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo jáde síta, mo ń fọwọ́ nu ojú. Eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ti bo ewé máńgòrò inú ọgbà wa, ó funfun bí ìgbà tí èèyàn da láfún sí i lórí. Lábẹ́ igi náà ni mo ti rí ẹsẹ̀ tó yọ jáde lábẹ́ píkọ́ọ̀pù Màámi: ẹsẹ̀ Màámi, àti ẹsẹ̀ Sìdí àbúrò mi obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó pè mí sí i.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màámi. Bàbá wa ń ta aṣọ ní Ìlọrin, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá wò wá. Màámi ló ń wa píkọ́ọ̀pù wọ inú àwọn oko tó wà lẹ́yìn Ushafa, tí wọ́n ń ra iṣu àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n tó kó o wá tà ní Mpape. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní agbègbè yẹn á rántí irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Kì í ṣe ọ̀nà rárá. Òkúta ni, odò ni, kòtò ni. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí wọ́n fi táyà ńláńlá sí i. Bí wọ́n bá fa ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin máa ń dúró wò wọ́n bí wọ́n bá ń kọjá. Màámi á ní, "Ọ̀nà ò mọ abo, kò mọ akọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn ló mọ̀."

Èmi ni àkọ́bí, èmi nìkan sì ni ọkùnrin. Láti kékeré ni mo ti gbà pé bí ẹnì kan bá máa bá Màámi lọ sí oko, èmi ni. Ṣùgbọ́n Sìdí ni wọ́n máa ń mú dání. Sìdí á ti mú sípánà wá kí wọ́n tó béèrè. Bí ọkọ̀ bá ń dún bí kò ṣe yẹ, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ilé ni wọ́n máa ń ní kí èmi ṣọ́. Bí mo bá ráhùn, Màámi á ní, "Múrí, ìwọ lo mọ ìwé. Olúkálukú pẹ̀lú ohun tí orí rẹ̀ gbé wá." Kò tù mí nínú. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn méjèèjì bá dé, tí eruku pupa kan náà wà lójú ìyá àti ọmọ, èmi á lọ wo ojú tèmi tó mọ́ nínú dígí. Mo wá sọ ara mi di aṣọ́nà Sìdí. Màámi, Sìdí ò fọ abọ́. Màámi, Sìdí ò tíì kírun. Màámi, ìbọ̀sẹ̀ ta ni Sìdí wọ̀ yẹn? Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yẹn fi máa dé, ẹnu mi kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni irin ẹ̀yìn ọkọ̀, irin gbọọrọ tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kán lábẹ́ ẹrù iṣu nínú odò kan. Màlámù Sání, mẹkáníìkì wa, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé Ìlọrin ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, wò ó, wọ́n mi orí. "Kai! Hàjíà, irin yìí kéré sí táyà tí ẹ gbé lé e. Irin ọkọ̀ tó tóbi ju èyí lọ ni ká fi sí i."

Sátidé yẹn ni wọ́n gbé irin méjì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Lójú, ìbejì ni irin méjèèjì. Màlámù ní inú wọn lè yàtọ̀, pé jíà inú irin ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti iwájú mu. "Bí wọn ò bá bára mu, tí ẹ bá ní kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà pọ̀, iwájú á fẹ́ sáré ju ẹ̀yìn lọ. Ọkọ̀ á máa bá ara rẹ̀ jà." Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń dán an wò: ẹnì kan á di orí irin kan mú ṣinṣin kó má yí, ẹnì kejì á yí orí kejì po lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kẹta á máa ka iye ìgbà tí ojú irin tó wà láàárín yí. Wọ́n ti ka ti iwájú. Wọ́n ní ká bá àwọn ka ìyókù, wọ́n sì lọ kírun Àílà.

Èmi ni mo di orí irin kìíní mú. Màámi ń yí i, Sìdí fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sójú irin, ó ń kà sókè. Bí wọ́n ṣe fẹ́ parí, ọ́ìlì tó wà lára irin náà mú un yọ̀ lọ́wọ́ mi, orí tí mo dì mú sì yí díẹ̀ sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀ ni Sìdí fò sókè. "Ó bá ti iwájú mu! Màámi, òun nìyí!"

Mo ní, "Màámi, ó yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Màámi nà ró, wọ́n wò mí. "O tún ti dé. Kò sí ohun tí ọmọ yìí máa ṣe tí o ò ní rí àléébù sí."

"Màámi, ó yọ̀ ni."

"Ó tó, Múrí."

Nígbà tí Màlámù dé, wọ́n béèrè bóyá ó dá wa lójú. Màámi ní ó dá àwọn lójú. Wọ́n gbé e fún wẹ́dà tó ń jó irin, wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, nígbà tó sì fi di ọjọ́ kejì, ó ti ṣe tán.

Orí òkúta tó ga sókè lẹ́yìn ilé wa ni Màámi ti fẹ́ dán an wò. Sìdí jókòó ti wọ́n, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sójú fèrèsé bí awakọ̀ àgbà. Èmi àti Màlámù dúró nísàlẹ̀. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nǹkan kékeré, tí yóò mú kí Sìdí gbé ìgbọ̀nwọ́ yẹn kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ gun òkúta dé àárín, Màámi fa ọ̀pá kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà. Táyà ń fò lórí òkúta, nǹkan kan dún gbàù lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń yí bọ̀ sẹ́yìn, ó kọ ìdí sí kòtò tí àwọn afọ́kùúta gbẹ́. Mo gbọ́ igbe Sìdí. Màámi wọ́ sítíárì, ìdí ọkọ̀ lọ kọlu àpáta ńlá kan létí kòtò, ó dúró.

Mi ò rántí pé mo jowú ẹnikẹ́ni nígbà tí mò ń sáré gòkè. Mo fa Sìdí jáde. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ètè rẹ̀, ó sì ń sọ ohun kan ṣoṣo: "Bùọ̀dá Múrí, mo kà á dáadáa o. Mo kà á dáadáa."

"O kà á dáadáa," ni mo wí. "Ọwọ́ mi ló ti yọ̀."

Màámi gbọ́. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n fa Sìdí mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "O sọ fún mi."

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi."

"Owú ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀." Wọ́n fi ìborùn wọn nu ètè Sìdí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Múrí. Tí o bá ti pariwo lórí abọ́, tí o pariwo lórí ìbọ̀sẹ̀, kí ni kí n fi mọ èyí tó jẹ́ ti ikú?"

Màlámù fúnra wọn ló ka irin kejì. Òun ló bá ti iwájú mu, òun sì ni wọ́n gbé sí i, lẹ́yìn tí wọ́n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí ọkọ̀ máa padà sí Ushafa, mo ti wọ bàtà, mo rò pé èmi ni wọ́n máa mú. Sìdí ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣíná, Màámi yọjú, wọ́n ní, "Múrí, ṣé ohun kan wà tí o fẹ́ sọ?" Wọ́n sì dúró, títí mo fi ní kò sí. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kì í lọ láìbéèrè.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbà pé bí òun bá dàgbà, owú á tán. Mo ti dàgbà, irun ti ń lọ lórí mi, kò tán. Sìdí ti ní píkọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó ń kó ọsàn láti inú oko lọ sí ọjà Zuba, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn èèyàn fi ń kí Màámi nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Bí wọ́n bá ti kí wọn bẹ́ẹ̀, mo ṣì máa ń rántí pé èmi ni àkọ́bí. Lásìkò òjò tó kọjá, mo yà kí i. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ wọ oko, mo sì rí i pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán. Mo kọ́kọ́ bi ara mi léèrè ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú mi. Nígbà tó dá mi lójú pé kì í ṣe owú, mo ní, "Sìdí, táyà yẹn ò lè gbé ọ dé. Má gbé e lọ."

Ó wo ojú mi. "Mo gbọ́, Bùọ̀dá," ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

Owú ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo jẹ́ kó jókòó, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.