Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mi Ò Sọ Lábà Kòkó

Mo mọ̀ pé àáró ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ, mi ò sọ ọ́. Bí mo bá wí pé ẹ̀rù ló bà mí, irọ́ ni. Bàtà ló wù mí.

Abà àwọn lébìrà la ń gbé, nínú oko kòkó kan lọ́nà Atosin. Òkèèrè ni gbogbo wa ti wá. Ìhà Ìrágbìjí lèmi ti wá. Wọ́n fún oníkálukú ní ilẹ̀ díẹ̀ kó fi gbin iṣu tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ń parí ìjà fún wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn mẹ́ta tó ni oko pawọ́ pọ̀, wọ́n ní kí bàbá lọ jókòó, wọ́n gba àkóso abà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì kì í wá. Ẹnì kẹta ló ń gbé àárín wa, ọmọ Ìdànrè tó ti kékeré wọ ọkọ̀ ogun ojú omi títí ó fi di ọ̀gá níbẹ̀. Fìlà funfun àti fèrè ló fi ń jọba lé wa lórí. Ó fọn fèrè, a jí. Ó fọn ọ́n, a jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Ẹni tó bá jiyàn, wọn á ṣí ewé orí ilé rẹ̀ kúrò, kó máa wo ọ̀run.

Èmi tí mo kàwé dé sítáńdáàdì mẹ́ta ló fi ṣe ojú àti etí. Nírọ̀lẹ́, màá jókòó tì í bó ṣe ń dá jẹun, tòun ti fìlà lórí. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò bá a wá sóko. Ọkùnrin náà ní lójú òkun, ọ̀gá kì í bá ọmọ iṣẹ́ jẹun. Àánú rẹ̀ a máa ṣe mí. Inú mi sì ń dùn pé èmi nìkan ni mo rí i bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé kí làwọn èèyàn ń sọ. Mo ní wọ́n máa kóra jọ láàárọ̀ ọ̀la lóko iṣu ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìlá, tí ilé rẹ̀ kan tèmi.

"Ta ló máa sanwó fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó máa san án, sà."

"Ta lọ̀gá wọn níbẹ̀?"

"Wọn ò lọ́gàá, sà."

Ó gbé àwo sílẹ̀. "Kò sówó, kò sọ́gàá, ọkùnrin jọ rẹpẹtẹ tàwọn tàdá. Ìwọ, kí lo rò pé wọ́n fẹ́ ṣe?"

Kékeré ló ti wà lórí omi. Kò mọ àáró: pé kí n ṣe tìẹ lónìí, kí o ṣe tèmi lọ́la, títí á fi kárí. Àwa tá a mọ̀ ọ́n, a kì í tilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Mo wo bàtà tó wà lẹ́bàá ògiri, èyí tó ti ṣèlérí fún mi bí mo bá ta á lólobó ọ̀tẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Kí ìrì tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, òun àtàwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ti ká wọn mọ́ oko. Wọ́n ṣí ewé orí ilé ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kó máa lọ, tòun ti iṣu rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pọnmọ, ó ru ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ilé mi.

"Àbúrò, o ò ha sọ fún wọn ni?"

Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Kò sẹ́ni tó lù mí. Wọ́n kàn yọ mí kúrò nínú àáró ni. Bí wọ́n bá ń kọjá lọ sóko ara wọn, wọn á ní, "Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá Kékeré sinmi o, ẹrẹ̀ ò gbọdọ̀ kan bàtà." Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Igbó bo iṣu mi. Èmi nìkan ni mò ń ro ó. Bí mo bá dúró gbọ́, ẹyẹ nìkan ló ń dún.

Nígbà tó ṣe, àwọn mẹ́ta tó ni oko dìjà, ọlọ́kọ̀ ogun padà sílé rẹ̀ nínú ìlú. Mo lọ kí i. Ó jókòó síta, ó kọjú sókè, àwọn èèyàn ń kọjá, wọn ò kí i.

"Àwọn ọkùnrin ọjọ́sí, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?"

"Wọ́n ń roko ni, sà. Àáró ni."

Ó kọjú sí mi. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Máa lọ."

Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ń dáko lẹ́bàá odò Ọ̀wẹnà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n lé e, oko tèmi ni wọ́n ṣe. Òun ló kọ́kọ́ dé, orin ló ń kọ bó ṣe ń ro ó. Mo jẹ ẹ́ níṣẹ́ òòjọ́ kan. Mo sì jẹ ẹ́ ní ìdáhùn tó dúró dè lẹ́nu ilé mi. Ọ̀nà ò jìn. Mi ò tíì lọ.