Àǹtí Mi Kì Í Ra Aṣọ Láìkúnlẹ̀

Ẹ̀bi mi ni. Èmi nìkan ni mo dá lọ ra gáùn fún àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí wọ́n tọ́ mi dàgbà.

Nígbà tí wọ́n ń fọ́mọ lọ́mú, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ oníbọ́tìnnì iwájú ni wọ́n ń lọ ní Ibafo. Nígbà tí ara wọn wá fẹ̀, wọ́n rí òmíì ní Mowe. Ibi yòówù kó jẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ wọ aṣọ náà kúnlẹ̀.

Ọmọ tó ń tajà á pariwo: "Ẹ dìde mà! Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń kí jàre. Mò ń wò ó bóyá màá lè fi gbàdúrà."

Gáùn tèmi fún mọ́ wọn lára pinpin. Wọ́n ṣáà wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, àwọn nìkan ló wà lórí ìdúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi ló rà á o."

Mo dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Mi ò tíì bẹ̀ wọ́n; ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.