Múfú Ń Tọrọ Àforíjìn Kiri, A Rò Pé Mẹ́kà Ló Ń Lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tó já mi láyà fún yín. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ò tíì padà sípò. Káfíńtà ni mí o, ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi!

Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Múfútáù. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Jákáńdè, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. "Bùọ̀dá" ló ń pè mí. Táìlì ló ń tẹ́ sínú àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Lẹkki. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, orí eékún ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, bí ẹni tó ń bẹ ilẹ̀. Eékún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ẹ̀yìn tẹ̀lé e. Ní sáìtì, wọ́n fi oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ tramadol hàn án. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀? Oògùn agbára!

Ó lò ó, ìrora lọ. Ó tún lò ó. Nígbà tó yá, ìrora kọ́ ló ń lò ó fún mọ́. Ó ń pariwo mọ́ Sìdí ìyàwó ẹ̀, ó ń sùn sẹ́nu iṣẹ́, títí tí Sìdí fi kẹ́rù lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Badore.

Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Múfú ti ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. "Ẹ foríjì mí o, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín rí." Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ àṣà yìí dáadáa. Ẹni tó bá ń lọ Mẹ́kà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ aládùúgbò. Kíá, ìròyìn ti kárí: Múfú ti rí ọ̀nà Mẹ́kà! Wọ́n ní ọ̀gá kan tó bá ṣiṣẹ́ ní Oníru ló sanwó ẹ̀ fún un. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ò mọ̀ títí dòní! Àwọn obìnrin tó ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ ń kí i ní Àlhájì. Àáfà mọ́ṣáláṣí wa gbọ́wọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún un. Múfú ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, irin tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú. Ẹ̀yin èèyàn, lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹn! Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n máa lò ó, ó ti di tèmi. Mo yọ̀ bí ọmọdé! Mo ní, "Àlhájì, bá mi mú tẹ̀súbáà bọ̀ o!" Ó wò mí, ó ní Ọlọ́run á ṣe é, ó sì lọ.

Mo gbé e délé, mo ń fi yangàn fún ìyàwó mi. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Kúdí, ẹni tó bá lọ Mẹ́kà, ṣé kì í padà wá ni?"

Mo ní á padà ńkọ́.

"Kí ló wá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ tó bá dé? Ṣé ó sì bi yín pé àdúrà wo ni kóun bá yín ṣe lọ́hùn-ún?"

Kò bi mí. Kò bi òun náà. Ta lẹ ti rí tó ń lọ Mẹ́kà tí kò bi èèyàn ní àdúrà? Mo rọra gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí n lọ bi í. Èmi kẹ̀? Mo ní kó lọ, pé obìnrin ló mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ta ló gba lẹ́fẹ́ẹ̀lì nínú àwa méjèèjì? Mo ní tí mo bá lọ dárúkọ ikú, ṣé mi ò ní kọ́ ọ ní ohun tí kò sí lọ́kàn ẹ̀? Ó ní, "Ẹ dìde!"

Èmi tí mo ga tó ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀ bí ológbò tó jí ẹja. Múfú ṣílẹ̀kùn. Yàrá mọ́ tónítóní, ó ti di aṣọ ẹ̀ sínú àpò. Mo bi í nípa bọ́ọ̀lù. Mo bi í nípa iná. Mo bi í bóyá òjò máa rọ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń ràn lójú fèrèsé! Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo dijú, mo ní: "Múfú, ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?"

Mo rò pé á lé mi jáde. Ṣe ló rọra jókòó sílẹ̀. "Bùọ̀dá, ta ló sọ fún yín?"

Háà! Mo fẹ́ sá. Àmọ́ ta ni màá fi í sílẹ̀ fún? Mo bá jókòó tì í. Ó ní tóun bá lo oògùn yẹn, kò sóhun tó ń dùn mọ́ òun láyé. Tóun ò bá sì lò ó, ara òun á máa gbọ̀n, oorun á dá lójú òun, ọkàn òun á máa sọ pé gbogbo èèyàn á fúyẹ́ tóun ò bá sí. Ó wá ní bí a ṣe ń kí òun ní Àlhájì yẹn, ṣe ló dà bíi pé gbogbo wa ń sin òun sọ́nà.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ẹni tó ń dágbére ikú, à ń kí i kú oríire!

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó oògùn tó kù fún mi. Ó kó o. Ìyàwó mi pe Sìdí lórí fóònù. A wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di ọsibítù. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú pinpin débi pé ẹni tó bá rí wa á rò pé olè ni mo mú.

Kò tiẹ̀ ya dókítà lẹ́nu. Ó ní irú oògùn ìrora alágbára bẹ́ẹ̀, ara tó ń dunni àti ìbànújẹ́, wọ́n máa ń ti ara wọn lẹ́yìn ni, tí èrò ikú á fi wọlé. Ó ní kí Múfú má dá a dúró lójijì fúnra ẹ̀ o, àwọn ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo eékún, wọ́n á wo ọkàn náà. Mo wá bi í, tẹ̀rùtẹ̀rù, pé ṣé ìbéèrè mi ò ti ba nǹkan jẹ́? Ó ní rárá. Béèyàn bá béèrè, kì í gbin ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ọ̀nà àtisọ̀rọ̀ ló ń là fún un.

Sìdí ti padà wálé. Kí n má purọ́, kò rọrùn. Ọjọ́ míì wà tí Múfú kì í fẹ́ rójú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lánàá, ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tí mò ń kàn. "Bùọ̀dá, eléyìí wọ́ o. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi wá." Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi! Ó wọ̀n ọ́n, ó wọ́ lóòótọ́. Ó gbé irin ẹ̀ há abíyá, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Wọn ò bú iṣẹ́ mi kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí irú oògùn yìí ti mú, tó wá ń pín irinṣẹ́ ẹ̀ kiri, ẹ má sáré yọ̀. Ẹ bi í. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Tó bá sì jẹ́ ìwọ tó ń kà á lọ́wọ́ yìí ni ọkàn ẹ ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún, jọ̀ọ́, sọ fún ẹnì kan lónìí. Irọ́ lọkàn ń pa. A ò ní fúyẹ́ rárá.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣojú yín rí? Báwo lẹ ṣe bi ẹni náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Ẹ kàn ní sùúrù fún mi díẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́bọ́ọ̀dù ṣì wọ́.