Ẹja Àrọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Gbé Wá

Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò mọ̀. Nígbà tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ó gbẹ́ adágún ẹja sí Ìpetumodù, láti ìgbà náà ni gbogbo ohun tó ń mí nínú omi sì ti di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí àpótí gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja ní pálọ̀ wa ní Òkè-Ogbó, ẹ̀rín ló fi ṣe.

"Ìyàwó, èwo ni ẹja nínú ìwọ̀nyí? Ìdin ni wọ́n jọ lójú mi."

Wọn kò tóbi lóòótọ́. Kò sí èyí tó gùn tó ìka ọwọ́ mi nínú wọn. Ìlà búlúù kan ń kọ mànà lára wọn, ojora wọn sì pọ̀. Bí ènìyàn bá ti ilẹ̀kùn gbàgà, wọ́n á sá sẹ́yìn ewéko inú omi, ó di ìgbà tó bá wù wọ́n kí wọ́n tó yọjú. Mo rà wọ́n nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nítorí ariwo ọmọ ọlọ́mọ ti sú mi. Ohun tí kì í pariwo ni mo fẹ́.

Ìsàlẹ̀ omi náà ṣófo, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àárín omi nìkan ni àwọn ẹja mi ń gbé. Oúnjẹ tó bá já bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ló ń rà sí. Mo sì ti kà á pé bí ẹja tó ń bẹ̀rù bá rí òmíràn tó ń rìn ní gbangba láìfòyà, ọkàn tirẹ̀ náà á balẹ̀. Mo wá lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lápá Ìrémọ. Ó nawọ́ sí dúdú kan tó lẹ ẹnu mọ́ gíláàsì.

"Mọ̀mí, ẹ gbé eléyìí. Ìgbẹ́ àwọn yòókù ló máa ń jẹ."

Mo bi í bó ṣe ń tóbi tó. Ó ní bó ṣe wà yẹn náà ló máa wà. Irọ́ ni. Irú ẹja yẹn máa ń gùn tó apá àgbàlagbà. Ẹni tó ń fi ẹja ṣòwò kò mọ̀ pé kò sí ẹja tí ìgbẹ́ ń yó. Mo ní ó dàbọ̀.

Ọkọ mi ló lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ omi mi ṣófo.

"Ìyẹn ló ń dà á láàmú?" ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tó tún wá. "Ẹja àrọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ omi ni ilé àrọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, àrọ̀ á jẹ wọ́n."

"Àrọ̀ kékeré? Ìyàwó, àrọ̀ mélòó lo ti sìn rí?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé àrọ̀ kan wá nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, ó dà á sínú àpótí mi. Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí mo dé, àrọ̀ ti dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rìbìtì, ó ń mi irùngbọ̀n rẹ̀ bí baálé tó jẹun yó. Àwọn díẹ̀ tó ráyè sá pamọ́ ló ṣẹ́kù nínú ẹja mi.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?" ni mo bi ọkọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ìdáhùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn nìyẹn. Mi ò bá a jà. Mo gbé àrọ̀ náà jáde, mo fi se ọbẹ̀ ata, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní ó dùn.

Mo wá pe obìnrin kan n'Íbàdàn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́. Irú ilẹ̀ tó wà nínú àpótí ló kọ́kọ́ bi mí. Mo ní òkúta wẹ́wẹ́ ni.

"Ẹ kó o kúrò, mà. Iyanrìn kíkúnná ni kí ẹ dà sí i. Òkúta á máa bó wọn nírùngbọ̀n."

Ó fi ẹja kéékèèké onírùngbọ̀n ránṣẹ́ sí mi nínú ọ̀rá tó fẹ́ atẹ́gùn sí. Wọn ò ju àtàǹpàkò lọ, ẹnu wọn kò lè gba ẹja kankan, wọn kì í sì í dá rìn. Mo ń ju oúnjẹ tó máa ń rì fún wọn, kí wọ́n má baà máa wo ojú àjẹkù. Wọ́n á máa fi ẹnu tú iyanrìn kiri bí ẹni tó ń wá yẹtí. Àwọn tèmi kọ́kọ́ ń yọjú wò wọ́n láti ẹ̀yìn ewéko. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, àárọ̀ ọjọ́ kan sì wà tí mo rí gbogbo wọn ní gbangba. Inú mi dùn débi pé tíì mi tutù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, ló bá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò wọ́n.

"Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kó wá nǹkan sí ìsàlẹ̀ omi," ló ń sọ fún wọn. Ó wá ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan gíláàsì kọ́ kọ́ kọ́, ó ní òun ń pè wọ́n. Ẹja mi tú ká.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀," ni mo wí.

Mi ò bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ń retí. Ọkọ mi ló dáhùn.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n."

Ó lọ jókòó. Kò pẹ́ tó fi ń ṣàlàyé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin oyin. Kò ní oyin kankan.